Ìbejì Olójú Mẹ́jọ Lórí Ẹní Afikún

Ìwọ tí o di ìwé yìí mú, mo kìlọ̀ fún ọ kí a tó lọ síwájú: má ṣe kà á sókè ní ẹ̀bá igbó. Inú ilé ni kí o ti kà á. Bí wọ́n bá ní kí o kà á sí àwọn àgbà létí, kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn tó kọjú sí oko, kí o sì jẹ́ kí ohùn rẹ mọ níwọ̀n. Mi ò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà ọ́. Ẹnì kan wà lọ́hùn-ún tó ń wá ohun tó wà nínú ìtàn yìí kiri. Lọ́jọ́ tó bá gbọ́ ọ, ọdẹ tó bá wà nínú igbó lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run yọ ọ́ ni o.

Ó dáa. Ẹ sún mọ́ mi.

Ọdẹ kan wà ní Abà Alágbọn, Ọdẹ́dìran ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọdẹ mìíràn a máa fi ẹfọ̀n tí wọ́n pa yangàn. Èmi, ẹ̀rù Ọdẹ́dìran ni n ó fi yangàn fún yín. Láti ibi tí oòrùn ti ń yọ títí dé ibi tó ń wọ̀ sí, kò sí ọdẹ tí ẹ̀rù ń bà tó o! Bí ewé bá já, á dúró. Bí ẹyẹ bá dákẹ́, á dúró. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, kò pa erin rí, kò pa ẹkùn rí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé erin kò pa òun náà, ẹkùn kò sì pa á. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ ọgbọ̀n ọ̀nà nínú igbó, mẹ́wàá péré lòun mọ̀, ó sì mọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Àbúrò kan ṣoṣo tó ní, Láwọyin, kò jọ ọ́ rárá. Akọni ni Láwọyin. Ó wọ igbó lọ́jọ́ kan, oṣù kan kọjá, ìkejì kọjá, kò dé. Àwọn akọni ìlú wá a lọ, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ni ìyàwó Láwọyin bá wá kúnlẹ̀ síwájú Ọdẹ́dìran.

"Ọkọ mi, ó kù sí yín lọ́wọ́."

"Èmi kẹ̀? Bí àwọn akọni kò bá rí nǹkan, kí ni èmi ojo fẹ́ rí?"

"Ọ̀kánkán ni àwọn akọni ń wò, ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń wo ilẹ̀."

Ọdẹ́dìran dìde. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì tẹ̀lé ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà mú un wọ Igbó Ẹlẹ́gbẹ̀rún Etí. Gbogbo igi ibẹ̀ ló ní etí láti ìdí dé orí, etí bí etí èèyàn, wọ́n ń mì. Bí ọdẹ bá wọlé tó ní, "Èmi lọmọ lágbájá tó pa ẹranko báyìí báyìí," igi tó bá gbọ́ ọ á wó lù ú. Ọdẹ́dìran rí egungun àwọn tó wà lábẹ́ igi, ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì kù tí wọ́n fẹ́ sọ. Òun ní tirẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Eyín rẹ̀ ló ń gbá ara wọn kẹ̀kẹ̀kẹ̀, àwọn igi sì rò pé ìrẹ̀ ló ń dún. Báyìí ni ẹ̀rù ṣe mú un kọjá ibi tí ìgboyà ti pa ogún èèyàn. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Ṣé ẹ̀yin ti kọjá ibẹ̀ rí?

Lẹ́yìn èyí ó kan ìlú Awẹ̀yìnrìn, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Wọ́n tú síta láti wò ó.

"Ẹ wo ẹni tó ń kọjú síbi tí kò tíì dé! Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lo fẹ́ rí níbẹ̀?"

"Àbúrò mi ni."

"Ṣé o ti rí i?"

"Rárá."

"Àwa rí ibi tí a ti kúrò kedere. Ta ló gbọ́n nínú àwa àti ìwọ?"

Ó rò ó, ó ní, "Ẹ̀yin mọ̀ jù mí lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ mọ̀ kọ́ ni àbúrò mi wà." Wọ́n yà fún un.

Nígbà tó dé ẹnubodè ìlú mìíràn, ìyá arúgbó kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá ipasẹ̀ èèyàn nù kúrò nílẹ̀. Ìpàkọ́ ni ojú kan ṣoṣo tó ní wà, nítorí náà ó kọ ẹ̀yìn sí Ọdẹ́dìran kó lè rí i.

"Ọdẹ, kí lo ní tí o kò lè rù, tí o kò lè sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń gbé ọ délé lálaalẹ́?"

Ọdẹ́dìran fẹ́ sọ pé ẹsẹ̀ ni. Ó wo ilẹ̀ tí ìyá náà gbá mọ́ féfé, ó ní, "Ọ̀nà ni, Ìyá."

"Òun ni wọ́n fi ń ta ayò níhìn-ín. Wọlé."

Inú agbo ilé ńlá kan ni ìlú náà pin sí. Àwọn ọdẹ bíi méje ń tu koríko nínú àgbàlá, Láwọyin sì wà láàárín wọn, ó ti rù.

"Láwọyin!"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàbọ̀. Ta ló sìn yín wá? Ẹ̀yin tí ejò gbígbẹ ń lé sá!"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ta ló dè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó dè mí."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ó ṣí sílẹ̀."

"Ojoojúmọ́ ló ń ṣí sílẹ̀. Màá rìn débẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ kan síta, n ò ní mọ ibi tí n ó gbé e lé. Mo ti fi ọ̀nà ilé ta ayò, ẹ̀gbọ́n. Ó jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fà mí lọ́wọ́, ilẹ̀ á yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni, àtẹ̀yin àtèmi la ó jọ rì."

"Ta ló jẹ ẹ́?"

Kí Láwọyin tó dáhùn, ẹni náà jáde. Afikún ni wọ́n ń pè é. Ó ga tó àjà, irun orí rẹ̀ dúró bí ọwọ̀, apá mẹ́ta ló sì ní: méjì níbi tí Ọlọ́run fi í sí fún gbogbo wa, ìkẹta hù láti àárín àyà. Ọwọ́ àárín yẹn ló fi ń ti nǹkan síwájú, kì í rẹ̀ ẹ́.

"Àlejò dé! Ọ̀nà mélòó lo mọ̀?"

"Mẹ́wàá ni, Bàbá."

Gbogbo ará ìlú tó yọjú bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́wàá! Adìẹ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

Afikún tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kan tí kò ní òjìji, ní ọ̀sán gangan, ó sì da àpáàdì róbótó-róbótó sílẹ̀. Wọ́n dá ihò kéékèèké sára wọn bí ojú, láti olójú kan títí dé olójú mẹ́tàlá, mẹ́rin-mẹ́rin ni ìkọ̀ọ̀kan. Láwọyin rọra sọ òfin ayò náà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ọ̀nà kan jókòó. Á gba àpáàdì méjì, á dì í mọ́ abẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n á ta. Bí wọ́n ṣe ń ta ni pé ọ̀kan á ti ọ̀nà síwájú, á ní òun fi kún un; èkejì á fi iye kan náà tẹ̀lé e, tàbí kó jù ú sílẹ̀, kí ohun tó wà nínú igbá sì di ti ẹni tó fi kún un. Wọ́n á ṣí mẹ́ta sórí ẹní, ti àwọn méjèèjì ni, wọ́n á tún ta. Wọ́n á ṣí ìkẹrin, wọ́n á ta. Wọ́n á ṣí ìkarùn-ún, wọ́n á ta tán, wọ́n á wá ṣí ọwọ́. Méjì tí ojú wọn bá dọ́gba, ìbejì nìyẹn, ìbejì sì ń pa ẹyọ. Ìbejì tí ojú rẹ̀ pọ̀ ń pa èyí tí ojú rẹ̀ kéré. Bí ìkẹta wọn bá bá wọn, Ìdòwú ti dé, kò sí ìbejì tó lè pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tọ́ kan ló wà níbẹ̀. Kò lè fi gbogbo rẹ̀ lé yín lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan-kan la ń ta nígbà méjì àkọ́kọ́, méjì-méjì nígbà méjì ìkẹyìn."

"Báwo ló ṣe wá jẹ ọ́ tán?"

Láwọyin wo ilẹ̀. "Á ní, 'Mo fi kún un.' Èmi á jù ú sílẹ̀. Mo ń dúró de ìbejì olójú mẹ́tàlá kí n tó bá a jà. Ibi tí mo ti ń dúró ni ọ̀nà tí mo fi ń jókòó ti tán."

"Ìwọ? Ẹ̀rù bà ọ́?"

"N ò mọ̀ pé mo ní i lára tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ọdẹ́dìran jókòó. Bó ti pe Ọ̀nà Ibi-Iyọ̀, ibi tí àwọn ẹtu ti ń lá iyọ̀ ilẹ̀, ọ̀nà náà yọ lẹ́nu rẹ̀ bí fọ́nrán òwú, ó ká sínú igbá tó wà láàárín ẹní. Ó wo abẹ́ ọwọ́ rẹ̀: olójú méjì àti olójú mẹ́sàn-án.

"Mo fi kún un!" ni Afikún wí, ọwọ́ àyà rẹ̀ ti ti fọ́nrán kan síwájú.

Ọdẹ́dìran jù ú sílẹ̀. Lọ́gán ló dà bí ìgbà tí eyín yọ lẹ́nu èèyàn. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀. Kò mọ ohun tó jẹ́ mọ́.

Ó fi ìkejì jókòó. "Mo fi kún un!" Ó jù ú sílẹ̀.

Ìgbà kẹta, èèrà kan gun orí àpáàdì tí Afikún fi sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fi ojú ṣeré: Ọdẹ́dìran ń wo èèrà yìí. "Mo fi kún un!" ni Afikún pariwo, igi mì, àwọn ará ìlú pàtẹ́wọ́. Èèrà kò kúrò níbi tó wà.

Ọdẹ́dìran jù ú sílẹ̀, nítorí olójú mẹ́rin àti olójú méjìlá kò jọ nǹkan lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ dúró lórí èèrà. Ẹni tó bá gbé àpáàdì wò, ṣé èèrà kò ní ṣubú ni?

Ó ku ọ̀nà méje. Ó pe Ọ̀nà Ìdí-Àràbà, ó fi jókòó nígbà kẹrin. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀. Olójú mẹ́jọ. Ó wo èkejì. Olójú mẹ́jọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dúró níbí kẹ́ ẹ bá mi rò ó. Kí èèyàn gba ìbejì olójú mẹ́tàlá, ọmọdé pàápàá mọ ohun tí yóò ṣe. Kó gba èyí tí kò dára rárá, á jù ú sílẹ̀, oorun rẹ̀ á dùn. Ibi àárín yìí gan-an ló ń pani. Ìbejì olójú mẹ́jọ kì í ṣe ọba, kì í ṣe ẹrú. Marùn-ún ló wà lókè rẹ̀ tó lè pa á, méje ló wà nísàlẹ̀ tí òun lè pa.

"Mo fi kún un!"

Ọdẹ́dìran ní, "Mo tẹ̀lé e." Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní kó tún un wí.

Wọ́n ṣí mẹ́ta: olójú mẹ́rin, olójú méjì, olójú mọ́kànlá. Mọ́kànlá yìí wò ó bí ẹkùn. Bí Afikún bá ní ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́?

"Mo fi kún un! Ìwọ ọlọ́nà mẹ́wàá, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

Ẹ̀rù sọ fún un pé, Jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rù kan náà tún yí ohùn padà, tó ní, Ìwọ náà pariwo! Fi kún tirẹ̀, kó lè parí kíá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ó ti la ẹnu. Ó wá rántí ajá bàbá rẹ̀ kan tó ń gbó ewé, tó ń gbó èéfín, tó ń gbó òṣùpá, tó sì ń gbó olè. Àwọn ọmọ ilé ní kí wọ́n pa á, òpùrọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ní, "Ajá yìí kò purọ́, kò sì sọ òtítọ́. Ẹ má tìtorí gbígbó rẹ̀ sá, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ yìnbọn. Ẹ dìde, kí ẹ lọ wò ó."

Bí òun bá pariwo lé Afikún, tó bá jẹ́ òfo ló dì mọ́wọ́, á jù ú sílẹ̀, ọ̀nà Láwọyin kò ní jáde láéláé. Tó bá sì jẹ́ ìbejì olójú mọ́kànlá ló ní, ariwo kò ní sọ ọ́ di olójú mẹ́ta. Kí wá ni iṣẹ́ ọdẹ? Ẹranko lè máa sáré, ó lè máa bú ramúramù. Ọdẹ ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

"Mo tẹ̀lé e."

Wọ́n ṣí ìkẹrin: olójú mẹ́tàlá. Àwọn ará ìlú hó yèè. Ọdẹ́dìran tún wo abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ìbejì rẹ̀ ti rí ní àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà, kò lé kan. Ẹni mìíràn ni ẹní ń ṣe lọ́lá.

"Méjì!" ni Afikún wí, ọwọ́ àyà rẹ̀ ti méjì síwájú. "Mo fi kún un! Lọ sílé rẹ, arákùnrin. Ẹni tó bá rí òjò tó ṣú, tí kò sá, ṣé aṣọ rẹ̀ ló fẹ́ fọ̀?"

"Mo tẹ̀lé e, Bàbá."

Ọ̀nà Ahéré àti Ọ̀nà Ìdí-Ìṣin ká sínú igbá. Ó ku méjì péré lọ́wọ́ rẹ̀: Ọ̀nà Ìsun, àti ọ̀nà ilé.

Wọ́n ṣí ìkarùn-ún: olójú mẹ́fà. Ìdòwú kò dé.

Afikún kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ki ọwọ́ àyà bọ inú àpò, ó mú fọ́nrán méjì jáde. Ọ̀kan pupa bí ilẹ̀ Abà Alágbọn. Láwọyin kígbe níbi tó wà, ó sọ ọkọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀nà ilé àbúrò rẹ nìyí. Mo fi kún un. Ṣùgbọ́n òfin wà: ọ̀nà ilé la fi ń tẹ̀lé ọ̀nà ilé. Bí o bá jù ú sílẹ̀, wàá bá ọ̀nà tìrẹ lọ ní àlàáfíà, ìyàwó rẹ á se oúnjẹ. Bí o bá tẹ̀lé e tí mo sì pa ọ́, ọkọ́ mìíràn wà lẹ́yìn ilé."

Láwọyin ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jù ú sílẹ̀! Ẹ máa lọ. Ẹ bá mi tọ́jú àwọn ọmọ."

 Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, kò dá Ọdẹ́dìran lójú. Ẹni tó ń gbó lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bẹ tí olè á wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bóyá òní ni. Ó wo mọ́kànlá, ó wo mẹ́tàlá, ó wo ojú Afikún, kò rí nǹkan níbẹ̀. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, bí ẹni yìí bá fi kún un nígbà mẹ́wàá, ìgbà mélòó ló ti wo ọwọ́ rẹ̀? Nínú gbogbo ohun tó ń fi ariwo sọ, ewo ló tíì fi hàn mí rí? Ohun kan ṣoṣo tó yí padà láti ìgbà tí mo ti jókòó ni iye ọ̀nà tí mo ní. Láwọyin kò kú ikú àpáàdì. Ikú ìjùsílẹ̀ ló kú.

Ọdẹ kì í pe ọ̀nà ilé rẹ̀ nínú igbó. Wọ́n ti kọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń gbé àpò bàbá rẹ̀. Ó pe ti Ìsun. Ó tọ́ ètè lá. Ó wá pe ti ilé, láti ìdí ọ̀pẹ tó yapa títí dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, fọ́nrán náà ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń bá a lọ.

"Mo tẹ̀lé e. Ẹ ṣí ọwọ́ yín, Bàbá."

Kò sẹ́ni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Afikún rí. Ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lófuurufú. Ó ṣí ọ̀kan: olójú méje. Ó ṣí èkejì: olójú mẹ́fà.

"Ìbejì ni!" ni àwọn ará ìlú kígbe. "Mẹ́fà lọ́wọ́, mẹ́fà lórí ẹní!"

Ọdẹ́dìran gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kúrò. Olójú mẹ́jọ àti olójú mẹ́jọ jókòó síbẹ̀ bí ọmọ méjì tó ń jẹun jẹ́jẹ́. 

Ó kó igbá. Ó kọ́kọ́ da ọ̀nà tirẹ̀ padà sẹ́nu, ó gbé ọ̀nà pupa fún Láwọyin, Láwọyin sì bú sẹ́kún, nítorí ó rí ilé rẹ̀ lọ́kàn. Fọ́nrán mẹ́fà yòókù, ti àwọn ọdẹ tó ń tu koríko ni. Ó há a fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọ̀nà ilé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọ̀nà kan lọ́wọ́ lè jókòó sórí ẹní.

Ó ń dìde ni Afikún di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Jókòó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ó tó, Bàbá. Ojo mọ ìgbà tí à ń dìde."

"Ó dáa, sọ fún mi. Olójú mẹ́jọ! Mọ́kànlá ṣí, mẹ́tàlá ṣí, mo fi kún un lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí lo rí lára mi?"

Ọdẹ́dìran fa etí aṣọ rẹ̀ gbà.

"Mo jẹ ọ̀nà mẹ́ta rẹ lẹ́ẹ̀kan. O kò mọ ibi tí wọ́n lọ mọ́, èmi mọ̀ ọ́n. Wò wọ́n." Fọ́nrán mẹ́ta rọ̀ dirodiro lọ́wọ́ àyà rẹ̀. "N ó dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. N kò bẹ ọ́ fún nǹkan mìíràn, gbólóhùn kan péré."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Láwọyin wí, "gbólóhùn kan ni! Ẹ sọ fún un ká máa lọ."

Ọdẹ́dìran wo fọ́nrán mẹ́ta náà. Ibi tí wọ́n ti kúrò nínú rẹ̀ ń dùn ún bí ebi. Ó wo àwọn ọdẹ mẹ́fà nínú àgbàlá. Wọ́n ti fi ọkọ́ sílẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan di fọ́nrán tirẹ̀ mú, wọ́n ń wo ẹní tí àwọn náà fẹ́ jókòó sí bá Afikún ta.

"Mo tẹ̀lé e ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé o tẹ̀lé e! Kí ló dé tí o fi tẹ̀lé e?"

Ọdẹ́dìran gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì kọjú sí ẹnubodè.

"Ọdẹ! Kí lo rí?"

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ mọ́," ló wí, ó sì pa ẹnu dé.